Bi Èéfín Léèrè Kó O Tó Tú Ẹ́ńjìnnì

Katakata Massey Ferguson 265 tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti ń túlẹ̀ kí wọ́n tó bí ọmọkùnrin tó ń wà á lónìí. Ẹ́ńjìnnì Perkins onísílíńdà mẹ́rin, A4.236, ló wà nínú rẹ̀, àyè inú sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 4. Kò ní kọ̀ǹpútà, kò ní iná ìkìlọ̀ tí yóò tàn pé ibi báyìí ló ń dùn mí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe é, ojú, etí, imú àti sípánà ni yóò fi wá a.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ní Òkè-Ògùn, tí gbogbo àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn sì ń wá katakata lójú méjèèjì, èéfín mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jáde lára èyí: funfun ní àárọ̀, dúdú lóko, èyí tó rí bí aró lálẹ́. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tó wò ó kò pẹ́ nídìí rẹ̀ rárá. Ó ní ríìngì písítìn ti jẹ tán, kí wọ́n lọ mú owó wá, wọn yóò tú ẹ́ńjìnnì. Alhaja tó ni katakata náà kò kọ̀ láti náwó, àmọ́ ó fẹ́ mọ ohun tó ń náwó lé lórí. Ó ránṣẹ́ sí bàbá àgbàlagbà kan tó ti pẹ́ nídìí ẹ́ńjìnnì dísù. Mo wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ọjọ́ náà ṣe lọ nìyí.

Agogo 6:15 àárọ̀

Láti alẹ́ àná ni Bàbá ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣáná sí katakata náà kí òun tó dé. Èéfín funfun tí Alhaja ń sọ, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù nìkan ló ń yọ. Bí wọ́n bá ti jẹ́ kó gbóná, kò sí ohun tí a ó rí mọ́.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá. A ò fọwọ́ kàn án o,” ni awakọ̀ sọ bó ṣe dọ̀bálẹ̀.

Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara ẹ́ńjìnnì. Ó tutù lóòótọ́. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́yìlì yọ, ó nù ún, ó tún tì í bọ̀, ó fà á yọ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ́yìlì wà láàárín àmì méjèèjì, ó sì dúdú bí ọ́yìlì ẹ́ńjìnnì dísù ṣe máa ń dúdú. Bí omi bá ti ń wọ inú rẹ̀ ni, yóò funfun, yóò sì ki. Ó ṣí ìdérí rèdíétọ̀, kò rí òróró kankan lójú omi. Ohun méjì yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, wọ́n sì jẹ́ kí ó fura díẹ̀ sí i pé gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù sílíńdà kò tíì jó, kò sì dà bíi pé irin kan ti sán.

Lẹ́yìn èyí ló gbé ìgò funfun kan sábẹ́ fílítà epo, ó tú ìdè ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi ló kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú ìpẹtà díẹ̀, kí dísù gan-an tó tẹ̀lé e. Ó jẹ́ kó máa dà títí ó fi mọ́ gaara. Ó wá yíjú sí Alhaja, ó ní, “Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rọ epo kún táńkì ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ti ṣíwọ́. Bí táńkì bá ṣófo mọ́jú, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á di omi nígbà tí òtútù bá mú.”

Agogo 6:50

Wọ́n ti katakata jáde kúrò lábẹ́ páànù sí gbangba kí wọ́n tó ṣáná sí i. Ìgbà kẹta tí awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ ni ẹ́ńjìnnì gbà, ó ń gbọ̀n, ó ń já lu ara rẹ̀, èéfín funfun sì bo ojú sàlẹ́ńsà. Awakọ̀ lọ dúró sínú rẹ̀ kó lè rí i dáadáa. Bàbá fà á lápá kúrò níbẹ̀.

Ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2012 ni ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ fi èéfín ẹ́ńjìnnì dísù sára àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Bó bá sì jẹ́ inú ilé tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, májèlé kan tí kò láwọ̀ tí kò lóòórùn wà nínú rẹ̀ tó lè pa ènìyàn kó tó mọ̀ pé ó rẹ òun. Ẹ̀gbẹ́ ni a ti ń wo èéfín, kí atẹ́gùn sì máa fẹ́ ẹ lọ kúrò lọ́dọ̀ ẹni.

Èéfín funfun pín sí méjì. Ọ̀kan jẹ́ ooru omi: kì í ta ojú, ó sì máa ń parẹ́ bó ṣe ń kúrò lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tán tí irú rẹ̀ ṣì ń tú jáde, tí omi rèdíétọ̀ sì ń dín kù, omi ti ráyè wọ sílíńdà nìyẹn. Ìkejì jẹ́ dísù tí kò jó: ó máa ń ta ojú, ó ń rùn bí epo tútù, ó sì máa ń rọ̀ mọ́ ilẹ̀ kó tó lọ. Bàbá na páálí kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu sàlẹ́ńsà fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀. Ibi tó tutù lára páálí náà kò gbẹ. Ó di àbàwọ́n òróró. Dísù ni.

Ìdí tí dísù fi lè jáde láìjó kò ṣòro láti lóye. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná. Písítìn ló ń tẹ afẹ́fẹ́ títí yóò fi kéré sí ìdá kan nínú 16 àyè tó wà tẹ́lẹ̀, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn ló sì ń mú afẹ́fẹ́ náà gbóná débi pé dísù yóò gbiná fúnra rẹ̀ bí nọ́súlù bá ti fọ́n ọn sínú rẹ̀ bí ìrì. Ohun méjì ló gbọ́dọ̀ pé: kí afẹ́fẹ́ gbóná tó, kí epo sì fọ́n kíkúnná. Bí ríìngì tàbí fáàfù bá ń jò, ooru kò ní tó. Bí nọ́súlù bá ń kán epo tótó dípò kó fọ́n ọn, epo kò ní rí bí yóò ṣe dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Èéfín kan náà ni àìsàn méjèèjì yóò mú jáde. Owó tí a ó fi wo ti nọ́súlù kò tó ìdá kékeré nínú èyí tí a ó fi wo ti ríìngì. Níbí gan-an ni mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ti dá ẹjọ́ láìgbọ́ tẹnu ẹnì kejì.

Agogo 7:10

Èéfín funfun ṣì ń jáde, ẹ́ńjìnnì ṣì ń gbọ̀n. Bàbá wọ ìbọ̀wọ́, ó fi aṣọ nípọn bo ìdè páìpù epo tó wọ nọ́súlù àkọ́kọ́, ó sì fi sípánà tú u díẹ̀. Ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó rẹlẹ̀ bí ẹni pé yóò kú. Ó dè é padà. Ó tú ti ìkejì, ohùn tún yí padà. Ó tú ti ìkẹta. Ohùn kò yí padà rárá. Ó tú ti ìkẹrin, ẹ́ńjìnnì tún fẹ́ kú.

Sílíńdà tí a bá gba epo lọ́wọ́ rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì kò mọ̀ ọ́n lára, kò ṣiṣẹ́ kankan tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ìkẹta lọ̀lẹ.

Awakọ̀ na ìka láti fọwọ́ kan ibi tí epo ti ń tú. Bàbá pariwo mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ sì le. Epo tó ń bọ̀ láti inú pọ́ńpù lọ sí nọ́súlù ní agbára tó lé ní ìlọ́po 150 ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ ayé fi ń tẹ̀ wá. Ó lè gún awọ ara wọ inú ẹran láìjẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ jáde, ojú ibẹ̀ yóò sì dà bí ibi tí abẹ́rẹ́ kan. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí kò gbọdọ̀ dúró wò ó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kó sì sọ fún dókítà pé dísù ló wọ òun lára, torí iṣẹ́ abẹ ló máa ń gba ọ̀pọ̀ irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìka ni wọ́n ti gé nítorí pé ẹni tó ni ín rò pé ọgbẹ́ kékeré ni.

Agogo 7:45

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dá ẹjọ́ níbi tí a dé yìí. Bàbá kò tíì ṣe tán. Mímọ̀ pé sílíńdà kẹta kò ṣiṣẹ́ kò sọ bóyá nọ́súlù rẹ̀ ló bàjẹ́ tàbí sílíńdà fúnra rẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó fọ gbogbo àyíká nọ́súlù kẹta àti ìkejì kí iyanrìn má baà bọ́ sínú ihò, ó yọ àwọn méjèèjì, ó sì pààrọ̀ àyè wọn: ti ìkẹta bọ́ sí ìkejì, ti ìkejì bọ́ sí ìkẹta.

Ó ka wọ́ṣà kọ́pà abẹ́ wọn bó ṣe ń yọ wọ́n. Ọ̀kan ṣoṣo ló yẹ kó wà lábẹ́ nọ́súlù kọ̀ọ̀kan. Bí ògbólógbòó bá kù sínú ihò tí a sì fi tuntun lé e, nọ́súlù yóò ga ju bó ṣe yẹ lọ, epo yóò sì máa fọ́n sí ibi tí kò yẹ. Ó fi tuntun sí méjèèjì.

Agogo 8:40

Wọ́n lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù epo, wọ́n tún ṣáná sí i. Èéfín funfun jáde bí ti tẹ́lẹ̀. Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdè lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ìkẹta, ẹ́ńjìnnì fẹ́ kú. Nígbà tó kan ìkejì, kò sí ohun tó yí padà.

Àìsàn náà ti bá nọ́súlù lọ sí ilé tuntun. Sílíńdà kẹta tí wọ́n ní ríìngì rẹ̀ ti jẹ tán ń ṣiṣẹ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tó rí nọ́súlù gidi. Ká ní àìlera náà dúró sí ìkẹta ni, ríìngì tàbí fáàfù ni à bá máa wá. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ nípa èéfín katakata, kò sí èyí tó dá mi lójú tó ìdánwò yìí: kò ná Alhaja ju wọ́ṣà méjì lọ, ó sì fi ẹ̀rí dá ẹjọ́ tí ẹlòmíì fi ẹnu dá.

Agogo 9:30

Bàbá yọ nọ́súlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi aṣọ mímọ́ dí ihò wọn, ó sì ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan fi ọ̀kadà kó wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìdánwò nọ́súlù nílùú Ìsẹ́yìn. Alhaja béèrè ìdí tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń lọ nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kan ló ṣàìsàn. Ó ní ọdún kan náà ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, ó sì yẹ kí agbára tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń ṣí dọ́gba, kí ẹ́ńjìnnì má baà máa gbọ̀n.

Agogo 10:15

Ọ̀rọ̀ wá kan èéfín dúdú. Èyí kì í yọ láàárọ̀. Ó ń yọ nígbà tí páláù bá wọlẹ̀. Èéfín dúdú jẹ́ epo tó jó, àmọ́ tí afẹ́fẹ́ kò tó o. Ó lè jẹ́ pé epo pọ̀ jù, ó sì lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé. Bàbá kò lọ síbi pọ́ńpù. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ló kọ́kọ́ ṣí, nítorí kò gba owó.

Fílítà afẹ́fẹ́ katakata yìí kì í ṣe ti bébà. Abọ́ ọ́yìlì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yóò kọ́kọ́ gba orí ọ́yìlì náà kọjá, eruku yóò sì dúró síbẹ̀. Nígbà tí Bàbá tú abọ́ náà, ẹrẹ̀ ló kún ìdajì rẹ̀, ẹrẹ̀ ọyẹ́ láti oṣù kejìlá. Koríko gbígbẹ ti dí wáyà àwọ̀n tó wà lókè. Ìyẹn nìkan tó láti mú kí ẹ́ńjìnnì máa jà fún èémí nígbà tó bá ń túlẹ̀.

Ohun kejì tún wà níbẹ̀. Ọ́yìlì orí ẹrẹ̀ náà ga kọjá àmì tó wà lára abọ́. Awakọ̀ ṣàlàyé pé bí òun bá ti rí i pé ọ́yìlì dúdú, òun á da tuntun lé e, torí kò sẹ́ni tó sọ fún òun pé kí òun kọ́kọ́ da ti àtijọ́ nù. Bàbá kò bá a wí. Ó fi hàn án pé bí ọ́yìlì bá ga ju àmì lọ, ẹ́ńjìnnì yóò máa fà á mu pẹ̀lú afẹ́fẹ́, yóò jó o, èéfín tó rí bí aró yóò sì yọ. Bó bá pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì lè fi ọ́yìlì yẹn ṣe epo, kó máa sáré kọjá ìwọ̀n, kó má sì kú bí a tilẹ̀ gba dísù lọ́wọ́ rẹ̀.

Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló fọ abọ́ náà. Ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ àti wáyà àwọ̀n, ó jẹ́ kí wọ́n gbẹ, ó sì da ọ́yìlì mímọ́ sí i dé àmì, kò kọjá rẹ̀. Bàbá ní lásìkò ọyẹ́ àti ìgbà tí eruku bá pọ̀, ojoojúmọ́ ni kó máa ṣí i wò.

Agogo 12:20 ọ̀sán

Ẹ́ńjìnnì ti tutù. Bàbá ṣí ìdérí òkè láti wọn àyè tó wà lórí fáàfù. 0.30 mílímítà ló yẹ kó jẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ó bá méjì tí àyè wọn ti fún jù, ó tún wọn ṣe. Fáàfù tí kò bá ráyè jókòó dáadáa yóò máa jo afẹ́fẹ́, sílíńdà kò sì ní gbóná tó láàárọ̀. Èyí náà lè dá kún èéfín funfun.

Agogo 2:05

Ọmọ iṣẹ́ dé. Lórí ẹ̀rọ ìdánwò, mẹ́ta nínú nọ́súlù náà fọ́n epo bó ṣe yẹ. Ọ̀kan tó kù ń kán tótó lẹ́nu kó tó dé ibi tó yẹ kó ti ṣí. Wọ́n pààrọ̀ ẹnu rẹ̀, wọ́n sì mú agbára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Bàbá dá wọn padà pẹ̀lú wọ́ṣà tuntun, ọ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n lé afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ́ńjìnnì gbà ní ìgbà àkọ́kọ́. Kò gbọ̀n mọ́.

Agogo 3:20

A dé oko. Bàbá ní kí awakọ̀ ju páláù sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Èéfín dúdú ta bùú nígbà tí àwo páláù wọlẹ̀, ó sì mọ́ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Irú ìyẹn kò burú fún ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Ìgbà tí ẹrù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni epo máa ń ṣíwájú afẹ́fẹ́. Èyí tó ń bá a rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ aporo dé òpin ló ń fẹ́ ìwádìí.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ilẹ̀ ti le, dúdú náà padà wá, kò sì lọ. Awakọ̀ bojú wẹ̀yìn wo Bàbá. Bàbá ní kó gbé páláù sókè díẹ̀, kó sì bọ́ sí gíà tó kéré sí i. Èéfín dáwọ́ dúró. Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀: ẹrù ló wúwo ju agbára katakata lọ. Awakọ̀ tó bá mọ èyí á máa fi èéfín wọn ilẹ̀ tó ń tú, yóò sì dín epo tó ń jó dànù kù.

Agogo 5:00 ìrọ̀lẹ́

Ó ku èéfín aró. Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lórí eré tó kéré jù fún ìgbà díẹ̀, kí awakọ̀ sì gbé eré rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Èéfín aró díẹ̀ jáde, ó sì tán. Ó ṣí ibi tí wọ́n ń gbà rọ ọ́yìlì sínú ẹ́ńjìnnì, ó wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tú jáde níbẹ̀. Ó rọra ń mí. Kò fẹ́ atẹ́gùn líle, kò sì ta ọ́yìlì sókè.

Ká ní ríìngì ti jẹ tán ni, afẹ́fẹ́ gbígbóná ì bá máa rọ́ jáde níbẹ̀, èéfín aró ì bá sì ti máa bá a rìn ní gbogbo ìgbà tó ń túlẹ̀. Èyí tó ń yọ kìkì lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti dúró lórí eré kékeré, gáìdì fáàfù ló sábà máa ń fà á: ọ́yìlì á rọra jò gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn fáàfù, yóò sì kóra jọ títí eré yóò fi gbé e lọ. Ogbó ni. Bàbá sọ ọ́ fún Alhaja láìfi bò: kò tíì tán, àmọ́ kò tíì di ohun tí yóò dá iṣẹ́ dúró.

Agogo 6:00

Wọ́n jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ katakata, Bàbá sì ka ohun tó kù. Àkọ́kọ́, kí wọ́n ṣáná sí i láàárọ̀ ọ̀la nígbà tó bá tutù, kí wọ́n tó sọ pé èéfín funfun ti lọ. Ẹ́ńjìnnì gbígbóná kò lè jẹ́rìí sí ìyẹn. Ìkejì, kí awakọ̀ ra ìwé kan, kó máa kọ iye ọ́yìlì tó bá rọ sí ẹ́ńjìnnì àti ọjọ́ tó rọ ọ́. Bí iye náà bá ń lé sí i láàárín ìgbà tí òjò bá fi ń rọ̀, kí wọ́n tú tọ́ọ̀pù sílíńdà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n pààrọ̀ gáìdì fáàfù. Bí kò bá lé sí i, kí wọ́n jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Alhaja béèrè iye tí iṣẹ́ òní jẹ́, ó sì san án níbẹ̀. Ó wá ní kí awakọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀ tó ti ń dúró dè wọ́n pé ọ̀la ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló yẹ ká fi wọn gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ní Òkè-Ògùn, òjò kì í dúró de ẹ̀rọ. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá tú láìnídìí ní oṣù kẹrin lè gbé ọ̀sẹ̀ púpọ̀ mì, àgbàdo ẹni tí katakata ò bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lásìkò yóò fara gbá a. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wo èéfín katakata rẹ tó sì sọ pé kí o mú owó wá, bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ìgbà wo ló ń yọ? Iṣẹ́ wo ni ẹ́ńjìnnì ń ṣe nígbà tó ń yọ? Ìdánwò wo lo ṣe tó fi dá ọ lójú? Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí, nítorí òun náà ti bi ara rẹ̀ kó tó gbé sípánà.